Férémù Lókè Ibùsùn Wendell

Ní Èbúté Pruitt, létí odò Alabama, bí ènìyàn bá dúró lójú títì tó pe "Pruitt," ajá nìkan ni kò ní wẹ̀yìn. Orúkọ òyìnbó tó ni ilẹ̀ náà ni, láyé ìgbà tó tún ni àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Òyìnbó ti lọ, ilẹ̀ ti yí ọwọ́ padà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò rí mọ́tò wọ̀, ó bá dúró tì wá. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni la fi ń dá ẹni mọ̀. Ozella tí à ń wí yìí ni Ozella Ilé-Ìdáná, torí pé òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà ní ìlú yìí, tí wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí Ozella lọ́ọ̀ọ́kán, wọn a sáré jẹ ẹ̀fọ́ wọn tán.

Amos ọkọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó wà láyé, inú rẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Wendell, òun náà sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Detroit, ó lọ ń bá wọn to mọ́tò. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní, "Màmá, ẹ má tú ibùsùn mi o. Kérésìmesì ni mò ń bọ̀." Kò sọ Kérésìmesì èwo. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn ti béèrè, ṣùgbọ́n Ozella ń di adìyẹ díndín sínú páálí fún un lọ́wọ́, kò ráyè.

Láti ìgbà náà, Wendell ti fẹ́ ìyàwó, ìyàwó ti kọ̀ ọ́, irun iwájú orí rẹ̀ náà sì ti ń kọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀sán Sunday kan tí kì í pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Bó bá sì ti ku díẹ̀ kí ọdún parí, nǹkan a ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó wálé, ìsìnkú bàbá rẹ̀ ni. Àárọ̀ ló dé, ìrọ̀lẹ́ ló padà. Kò bọ́ bàtà.

Iṣẹ́ tí gbogbo obìnrin ìlú yìí mọ̀ ni kúbùsù alábùlẹ̀. Ṣòkòtò oko tó ti gbó, aṣọ ọmọ tó ti kéré, àpò ìyẹ̀fun, a ó gé wọn, a ó rán wọn pọ̀, a ó tẹ́ òwú sábẹ́ wọn, a ó fi odindi aṣọ kan gbè é, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti etí dé etí. Ṣùgbọ́n kúbùsù tuntun kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń fà bora. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn lábẹ́ rẹ̀, àlá tó bá lá yóò ṣẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọge fi máa ń yọ́ sábẹ́ kúbùsù ìyá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti lá àlá ọkọ bẹ́ẹ̀, tí ọkọ náà dé, tí wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò dá a padà sí.

Ozella kò fi tirẹ̀ ṣòfò. Lọ́dọọdún, bó bá ti parí kúbùsù kan, yóò gbé e lé orí ibùsùn Wendell, yóò fi ọwọ́ ra á, yóò sì jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ rẹ̀. Èrò ọkàn rẹ̀ kò le. Bí Wendell bá dé, yóò sùn lábẹ́ tuntun, nínú yàrá tí wọ́n bí i sí, pẹ̀lú oúnjẹ ìyá rẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Àlá wo ni ọmọ bẹ́ẹ̀ tún fẹ́ lá, bí kì í bá ṣe àlá pé òun kò lọ mọ́? Àlá náà yóò ṣẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kí Wendell dé.

Bẹ́ẹ̀ ni kúbùsù ń gun orí kúbùsù, títí ibùsùn náà fi ga tó àyà ènìyàn.

Ní ìparí ìkórè ọdún kan, ọmọ Sístà Arzula wá láti Mobile, ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, ó kó o lọ. Ilé tó kó o lọ kò gba férémù tó fi ń rán kúbùsù. Igi gígùn mẹ́rin ni férémù yìí, ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ díákónì lọ, òun sì ni gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń yí ká nígbà òtútù láti fi abẹ́rẹ́ gún kúbùsù. Ilé tí férémù bá wà, onílé ló ń dá orin, òun ló sì ń yan ẹni tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Sístà Arzula ní kí wọ́n gbé e fún Ozella.

Láti ìgbà tí Ozella ti jẹ́ ọmọge ló ti ń jókòó ti férémù ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n já igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù wọ́n bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọ̀rọ̀ wá ku ibi tí yóò so ó sí. Okùn la fi ń so férémù mọ́ àjà. Bí iṣẹ́ bá yá, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìwọ̀n orúnkún. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó fà á lọ sókè, kí onílé lè rí ọ̀nà rìn. Páálí lásán ni àjà pálọ̀ Ozella. Yàrá kan ṣoṣo tí igi àjà rẹ̀ gbà á ni yàrá Wendell.

Cleona, ẹ̀gbọ́n Amos, ló wá bá a to yàrá náà. Ẹnu Cleona kì í sinmi àfi bó bá ń jẹun, kì í sì jẹun púpọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ibùsùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Zella, bí ọmọ yìí bá dé, àkàbà la ó fi gùn ún."

"Ọmọ mi ga, Sístà Cleona."

"Ọmọ rẹ ń pá lórí."

"Ẹ̀yin lẹ ni irun yẹn. Ní ilé bàbá mi, pẹ̀lú irun la fi ń kú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Aṣọ tó le, bíi ṣòkòtò jíìnsì àti kọ́dúrọ́ì, wọ́n kó o sínú àpótí èso ápù, wọ́n tò ó sísàlẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àpò ìyẹ̀fun olódòdó lọ sókè. Èyí tó já tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí kò ṣeé ká, wọ́n fi kọ́ orí ìṣó lára ògiri. Òwú ìránṣọ wọ inú agolo bisikíìtì, bọ́tìnnì wọ inú ìgò kọfí. Wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ sí ojú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sí ọwọ́ òsì. Síbẹ̀ wọn kò lè yí padà láìgbá ìdí lu ara wọn. Ozella wo yàrá náà títí, ó lọ mú ohun ìtúṣòó, ó yọ ilẹ̀kùn kúrò, ó fi aṣọ títa dí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ilẹ̀kùn náà lé orí àpótí méjì, ó di tábìlì ìgéṣọ.

Cleona wò ó. "O lè yọ ilẹ̀kùn, o ò lè yọ ibùsùn."

"Ilẹ̀kùn kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀."

Cleona fẹ́ fèsì, ó rí ojú Ozella, ó bá yíjú sí agolo òwú, ó ń to dúdú mọ́ dúdú.

Ọkọ Cleona ló so férémù náà. Díákónì Hosea ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, nítorí pé nínú ilé rẹ̀ kò sí àyè fún un. Ó kan ìkọ́ mẹ́rin mọ́ igi àjà, gẹ́gẹ́ bí Ozella ṣe ní kó kàn án, lókè ibùsùn gan-an. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo ìkọ́, ó wo òkìtì kúbùsù, ó la ẹnu.

"Kò ní í kàn án," ni Ozella wí.

Hosea pa ẹnu dé. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ilé.

Ozella kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Férémù yóò wà lókè, ibùsùn yóò wà nísàlẹ̀, àwọn obìnrin yóò sì jókòó yí i ká bí ẹni yí aláìsàn ká. Férémù rẹ̀ wà, ibùsùn ọmọ rẹ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí méjì gbà lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn obìnrin dé lọ́jọ́ Monday, bí wọ́n ti fọ abọ́ àárọ̀ tán. Wọ́n fún ara wọn wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yin àpótí, wọ́n yin agolo, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó yin ibùsùn. Wọ́n sọ férémù kalẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù tuntun tí wọ́n ti ta mọ́ ọn. Ó sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó bá jókòó lórí òkìtì kúbùsù Wendell bí adìyẹ tó rí ìtẹ́.

"Ó kàn án," ni Cleona wí.

"Ó fara tì í ni," ni Ozella wí.

Wọ́n mú abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ kò rí ibi wọlé sí nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ jókòó bí obìnrin tó gun ẹṣin. Àǹtí Lutie, tó dàgbà jù nínú wọn, ló gba àárín, torí pé apá rẹ̀ gùn. Ojú Àǹtí Lutie kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì máa ń wọlẹ̀ jìn.

"Wọ́n ní ilé tí wọ́n mú Arzula lọ, òtútù ń jáde lára ògiri," ni Àǹtí Lutie wí.

"Nígbà ẹ̀rùn?" ni Junetta béèrè. Ìyàwó tuntun ni Junetta, ohun gbogbo ló ń yà á lẹ́nu.

"Nígbà ẹ̀rùn. Wọ́n ń sanwó rẹ̀."

"Kó wá síbí, ògiri tèmi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́," ni Cleona wí. "Junetta, ipa abẹ́rẹ́ rẹ gùn ju àdúrà ọkọ mi lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gún un kó kúrú."

"Iṣẹ́ òní dùn," ni Àǹtí Lutie wí. "Òwú tí Zella tẹ́ sínú èyí pọ̀. Abẹ́rẹ́ mi ń wọlé bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà, ó ń lọ, ó ń lọ."

Inú Ozella dùn sí i. Ó dìde lọ gbé páì ọ̀dùnkún wá, ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, torí ọmọ ìka tó ń dùn ún, èyí tó jẹ́ kó máa gé ẹ̀gbẹ́ gbogbo bàtà rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Wọ́n jẹ, wọ́n kọrin, Ozella ló dá a. Láàárín orin, ó wo fèrèsé, ó rò ó pé bí Wendell bá rí ibí yìí, pẹ̀lú bó ṣe fẹ́ràn kí ilé kún, kò ní í lè dá ẹsẹ̀ lé ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, wọ́n dìde, ẹnì kọ̀ọ̀kan di okùn kan mú, Ozella ní, "Ẹ fà á." Wọ́n fà á. Férémù gòkè. Kúbùsù tuntun gòkè tẹ̀lé e. Kúbùsù tó wà lókè pátápátá lórí ibùsùn Wendell náà gbéra láàárín, ó dìde, ó bá wọn lọ sókè, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fì nílẹ̀.

Wọ́n dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Àǹtí Lutie nìkan ló ṣì ń fà, torí pé kò rí i.

"Kí ló wúwo tó báyìí?" ó béèrè.

"Wendell ni," ni Cleona wí. "Ẹ ti rán an mọ́ iṣẹ́ wa."

Junetta ki aṣọ ìbora orí rẹ̀ bọ ẹnu. Ozella kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún sọ férémù kalẹ̀, wọ́n mú abẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan láti àárín lọ. Kí ọwọ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, Cleona àti Junetta ní láti gbé kúbùsù òkè yẹn kúrò lórí èkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ihò kan. Ihò náà gba inú èkejì, ó gba inú ẹ̀kẹta, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ bí kànga. Nínú òwú funfun, èkúté kan jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ pupa, ó ń wò wọ́n bí onílé tí àlejò já wọlé bá láìkanlẹ̀kùn.

Wọ́n sọ fún Àǹtí Lutie ohun tó wà níbẹ̀.

"Èkúté ló kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ nìyẹn," ni Àǹtí Lutie wí.

Gbogbo wọn mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n wo ẹnu Cleona, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní í lè pa á mọ́.

"Àlá rẹ̀ ti ṣẹ," ni Cleona wí. "Ilé tó fẹ̀, òwú púpọ̀, kò sí ológbò. Kò sì sí ẹnì kan tó ń bọ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ṣe férémù tí a lè fà padà sókè.

Ozella jókòó sórí àpótí kan. Ó wo èkúté, èkúté wò ó. Gbogbo òru àkọ́sùn tó ti ń tò pamọ́, tó ń fi ọwọ́ ra bí ẹni ra orí ọmọ, ẹni kan ti ń sùn ún. Ẹni náà kò tilẹ̀ lọ sí Detroit.

"Ẹ̀yin ará," ó wí nígbà tó yá, "ẹ bá mi wò ó, èwo ló ṣì dára nínú wọn?"

Wọ́n gbé wọn sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ihò ti ba àárín rẹ̀ jẹ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àbùlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí èkúté kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, Ozella pín wọn fún àwọn obìnrin náà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Ẹ lọ bora," ni gbogbo ohun tó wí. Junetta gba tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Àǹtí Ozella, kí ni kí n lá?" Ozella ní, "Ọkọ rẹ ń bẹ nílé. Lá ohun mìíràn." Èkúté àti ìdílé rẹ̀, Hosea fi ọkọ́ gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, pẹ̀lú òwú díẹ̀, torí òtútù.

Ó wá ku kúbùsù òkè pátápátá, èyí tí wọ́n rán mọ́ iṣẹ́. Èkúté ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò fẹnu kàn án. Láti ara ṣòkòtò iṣẹ́ Amos ni Ozella ti gé e, ibi orúnkún ṣì dúdú ju ibi yòókù lọ. Ó jókòó tì í lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ tú ìyókù òwú Àǹtí Lutie kúrò lára rẹ̀. Ó tú u dé ibì kan, ó dáwọ́ dúró. Ìlà kan ṣẹ́kù láàárín, wọ́gọwọ̀gọ, bí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti inú oko bọ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ronú ohun tí kò ronú rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, pé kúbùsù lè wọ mọ́tò. Ìjẹ ló ti ń fi í ṣe, láti fi fa ọmọ wálé. A kì í já ìjẹ dà sódò láìfi ìwọ̀ sí i. Ó wá ká a báyìí láìsí ìwọ̀, ó dì í, ó fi bébà bò ó, Hosea sì gbé e lọ bá àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́. Nígbà tó padà dé, Ozella ní, "Díákónì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú ibùsùn yìí." Hosea tú u. Yàrá náà wá fẹ̀ débi pé Ozella kò mọ ibi tí yóò dúró sí nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sunday tó tẹ̀ lé e, tẹlifóònù dún.

"Màmá, ẹrù yín dé."

"Mo tú ibùsùn rẹ."

"Ó dáa, Màmá," ni Wendell wí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò dáa. Ó wá ní, "Mo ti sùn lábẹ́ kúbùsù náà."

Ozella fi etí aṣọ nu tẹlifóònù, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló ń dí i lọ́wọ́. "Kí lo lá?"

"Màmá, àgbàlagbà ni mí o."

"Mo ní kí lo lá."

"Mo wà lábẹ́ férémù, bíi ti ìgbà tí ẹ máa ń mú mi lọ sílé Sístà Arzula. Ẹnu àwọn abẹ́rẹ́ ń yọ lókè orí mi bí òjò tó fẹ́ rọ̀ tí kò rọ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ gbogbo yín, mo ń wá bàtà tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"O rí i?"

"Mo rí i. Mo dì í mú. Aago iṣẹ́ bá dún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, tí Kérésìmesì bá—"

"Má sọ ọ́, Wendell."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ti lá a, ó tó."

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Ozella jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́, ó sọ férémù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ké, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ọmọdé lè jókòó níbẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin kò lè ṣe é, pàápàá tó bá ga, kódà bí irun orí rẹ̀ kò bá pọ̀.

Nígbà tí àwọn obìnrin dé lọ́jọ́ Monday, Hosea ti ké okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú. Férémù kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́ ju ìwọ̀n àyà lọ. Ìgbònwọ́ Junetta ga dé etí rẹ̀. Àǹtí Lutie fi ọwọ́ wá etí kúbùsù títí, kò rí i, ó ní wọ́n ti jí iṣẹ́ gbé.

"Zella," ni Cleona wí, "ta la so férémù yìí fún, òmìrán?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Ó wù mí bẹ́ẹ̀."

Cleona bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ férémù. Ozella ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ó tẹ́ kọ́dúrọ́ì kan síbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ yóò wà gan-an. Cleona nàró. Ẹnu rẹ̀ ṣí, gbogbo wọn sì dúró de ohun tí yóò jáde níbẹ̀. Ó bu aṣọ jíìnsì mẹ́rin nínú àpótí ìsàlẹ̀, ó ká wọn sórí àga rẹ̀ kí ó lè ga, ó jókòó, ó tọ́ òwú lẹ́nu, ó sì fi í bọ ojú abẹ́rẹ́.